Ẹ Bá Mi Gbọ́ Orin Yìí

Ọ̀rọ̀ orí rédíò

Orin ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí, irú orin tí àwọn kan ń pè ní orin òyìnbó, tí àwọn mìíràn ń pè ní orin ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sì ń pè ní orin kílásíkà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì yí rédíò yín síbòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà kan Ìbàdàn, ó kan Agbowó, ó sì kan àwọn ọmọ Yorùbá kan tí kò yẹ kí orúkọ wọn sọnù láàárín wa.

Bí ẹ bá dúró sí ẹnu géètì Yunifásítì Ìbàdàn tí ẹ kọjú sí òdìkejì títì, Agbowó lẹ ń wò yẹn. Ibẹ̀ kì í dákẹ́. Ọlọ́kadà ń fọn fèrè, jẹnẹrétọ̀ ń dún níwájú ìsọ̀ àwọn tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ìwé, fújì ń ti ibì kan jáde, orin ẹ̀mí ń ti ibòmíràn jáde. Ṣùgbọ́n nínú àwọn yàrá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbà lẹ́yìn ìsọ̀ wọ̀nyẹn, ẹ ó rí ọ̀dọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìfidánrawò ẹgbẹ́ akọrin dé, tí kò tíì bọ́ bàtà, tó ti fi íyápíìsì kan sí etí ara rẹ̀, tó fi èkejì bọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí, tó gbé ìka sókè, tó ń sọ pé: "Dúró ná. Ó ti fẹ́ dé ibi tí mo wí. Ó dé!"

"Ó dé" yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹni tí orin bá dùn mọ́ nínú kì í lè dá a gbọ́. Á wá ẹnì kan tí yóò bá a gbọ́ ọ, á ní kí ẹni náà fetí sí ibi báyìí, á sọ bí olórin ṣe kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan tí òun wà níbẹ̀. A máa ń fojú eré wo irú ìwà bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé àṣejù olólùfẹ́ ni. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, orin tí àwọn ọmọ wa kọ sílẹ̀ sínú ìwé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, èyí tó yè nínú wọn, ó yè nítorí pé ẹnì kan fẹ́ràn rẹ̀ débi tí kò lè pa á mọ́ra. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá ẹnikẹ́ni sọ, inú dúróà ló wà títí dòní.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ lórí èyí.

Ní Òkè-Ọ̀dàn, ní ilẹ̀ Yewa, ogun Dàhómì kó ọmọbìnrin kékeré kan lẹ́rú ní 1848. Ní 1850, ọba Dàhómì fi ọmọ náà ta ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́rẹ, ìyẹn sì gbé e dé ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin Victoria ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Sarah Forbes Bonetta ni wọ́n ń pè é. Ó dàgbà, ó fẹ́ oníṣòwò ọmọ Yorùbá kan, James Davies, ó bí ọmọbìnrin, Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ sì di ìyá ìsàmì fún ọmọ náà, ó fún un ní orúkọ ara rẹ̀. Victoria Davies yìí ló wá di aya Dókítà John Randle, oníṣègùn ńlá ní Èkó.

Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀ ná, ká kọjá sí Croydon lẹ́bàá London. Ibẹ̀ ni Samuel Coleridge-Taylor, ẹni tí wọ́n bí ní 1875, ti dàgbà. Òyìnbó ni ìyá rẹ̀, dókítà ọmọ Sàró láti Sierra Leone ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà tí orin rẹ̀ lórí Hiawatha sọ ọ́ di olókìkí ní 1898. Ọkàn rẹ̀ kò kúrò lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ní 1905, ilé ìtẹ̀wé kan ní Boston gbé ìwé orin píánò rẹ̀ jáde, 24 Negro Melodies, orin àwọn ènìyàn dúdú láti Áfíríkà àti Amẹ́ríkà tí ó tún ṣe fún píánò. Ìkeje nínú wọn ń jẹ́ Oloba. Orin Yorùbá ni. Coleridge-Taylor kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Yorùbá; ó sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pé ọ̀dọ̀ ìyáàfin Victoria Randle ni òun ti gba orin náà.

Ẹ wò ó. Obìnrin kan gbọ́ orin nílé, orin náà wọ̀ ọ́ lára, ó pàdé olórin kan lókè òkun, ó sì jẹ́ kí ó gbọ́ ọ. Ohun tó ṣe kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n títí di òní olónìí, bí píánísìtì kan bá ṣí ìwé yẹn ní ibikíbi láyé, orin Yorùbá ló máa bá níbẹ̀. Bí ó bá ti pa ẹnu mọ́ ńkọ́?

Ẹ tún gbọ́ ti Fẹlá Ṣówándé. Mi ò sọ ti Aníkúlápó o. Ti Ṣówándé ni mò ń wí, ẹni tí wọ́n bí ní 1905. Àlùfáà tó mọ orin ni bàbá rẹ̀. Ní Èkó, ní Kàtídírà ti Krístì ní Marina, ló ti kọ́ iṣẹ́ dùùrù lábẹ́ Thomas Ekúndayọ̀ Phillips. Ìyẹn náà, àgbà ni. Láti 1914 títí di 1962 ni Phillips fi jẹ́ olùtẹ dùùrù àti ọ̀gá orin ní Kàtídírà yẹn, ọdún méjìdínláàádọ́ta gbáko, ọmọ rẹ̀ Obáyọmí ló sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1934, Ṣówándé kọrí sí London pé òun ń lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Orin kò jẹ́. Ó lu jáàsì lálẹ́, ó tẹ dùùrù fún ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall, ó sì gba FRCO ní 1943, oyè tí wọ́n ń fún àwọn ọ̀gá olùtẹ dùùrù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní 1944, nígbà tí ogun Hitler ṣì ń jó, ló kọ African Suite. Ohun èlò olókùn ló kọ ọ́ fún, fáólìn títí dé dọ́bùbéèsì, pẹ̀lú háàpù. Apá márùn-ún ni. Fún èkíní, Joyful Day, orin Ephraim Amu ti ilẹ̀ Ghana ló fi ṣe ìpìlẹ̀. Èkejì, Nostalgia, àárò ilé ló kún inú rẹ̀, àárò ẹni tó ti pẹ́ ní ìlú òtútù. Apá karùn-ún tí ó fi parí rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Akinla. Bí ẹ bá gbọ́ Akinla, ẹsẹ̀ yín kò ní dúró sójú kan. Ijó háíláìfù ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìlù, kò sí gìtá, kò sí fèrè. Àwọn okùn ìsàlẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ onílù, àwọn fáólìn ló ń dá orin lókè, wọ́n á gbé e fún ara wọn, wọ́n á gbà á padà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ilé-iṣẹ́ Decca ṣe àwo orin yìí ní London, Trevor Harvey ló darí àwọn olórin. Àwo náà kọjá òkun. Ní Kánádà, ó bọ́ sí ọwọ́ Clyde Gilmour, akọ̀ròyìn kan tó máa ń kọ̀wé lórí fíìmù, tó sì ní ìfẹ́ àwo orin bí nǹkan míì. Ní 1956 ni Gilmour bẹ̀rẹ̀ ètò kan lórí rédíò CBC, Gilmour's Albums. Á mú àwo tó wù ú nínú èyí tó kó jọ fúnra rẹ̀, á fi í sórí ẹ̀rọ, á sì sọ fún àwọn ará Kánádà ohun tó dùn mọ́ òun nínú rẹ̀. Ètò yìí wà títí di 1997. Orin tí wọ́n fi dá ètò náà mọ̀ lórí afẹ́fẹ́ ni Akinla ti Ṣówándé. Àwọn ará Kánádà tí kò lè fi ọwọ́ tọ́ka sí Abẹ́òkúta lórí máàpù lè fi ẹnu súfèé orin ọmọ Ẹ̀gbá. Ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn olólùfẹ́ orin ló ṣe èyí.

Nílé níbí ńkọ́? Ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ akọrin wa ní Ìbàdàn bóyá wọ́n ti gbọ́ Akinla rí. Handel wọ́n mọ̀ bí ẹní mọ owó. Wọ́n á kọ Alelúyà rẹ̀ fún yín láìwo ìwé, ní sólfà, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mozart wọ́n mọ̀. Ti Ṣówándé, ẹ̀rù ń bà mí láti sọ pé púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ju orúkọ lọ. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin náà ṣe iṣẹ́ ìwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960, ní òdìkejì títì sí Agbowó gan-an, kó tó kọjá sí Amẹ́ríkà, níbi tó ti kú ní 1987.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa rédíò níbí yìí, torí pé òun ló gbé irú orin yìí wọ ilé àwọn òbí wa. Kí rédíò tó di ohun tí a ń gbé kiri, Rẹ̀dífúṣọ̀n ló wà: wáyà tí ìjọba fà láti ilé dé ilé, àti àpótí kan lára ògiri tí kò gbà pé kí ẹ yí i síbòmíràn. Ó dé Èkó ní 1935, ó dé Ìbàdàn ní 1939. Ohun tí London bá gbé jáde ni àpótí náà ń sọ lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ rédíò, orin tiwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá. Ṣówándé padà wálé ní 1953 láti wá ṣe olórí ẹ̀ka orin nílé-iṣẹ́ rédíò. Akin Euba ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ayọ̀ Bánkọ́lé ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí ló ga jù lójú mi nínú iṣẹ́ kíkọ orin, wọ́n sì mọ̀ pé kí wọ́n kọ orin sílẹ̀ nìkan kò tó. Ẹnì kan ní láti gbé e lọ bá etí.

Bánkọ́lé àti Euba, ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn, 1935. Bánkọ́lé ní Jos, Euba ní Èkó. Bánkọ́lé gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gẹ́gẹ́ bí olùtẹ dùùrù ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Clare ní Cambridge, ó padà wá kọ́ni ní Yunifásítì Èkó. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì péré ni nígbà tí ikú oró mú un lọ ní 1976. Ọkàn mi kì í gbà á bí mo bá rántí ohun tí ì bá kọ. Euba ní tirẹ̀ pẹ́ láyé, 2020 ló kú.

Ohun kan wà tí Euba sọ tó yí bí mo ṣe ń gbọ́ píánò padà. Ẹ ṣí ìdérí píánò wò, bí ẹ bá rí èyí tí olówó rẹ̀ á gbà kí ẹ ṣí. Òòlù kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi irun àgùntàn líle wé lórí. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, òòlù á fò sókè, á lu okùn irin, á sì padà. Lílù ni wọ́n ń lù ú. Euba ní nígbà tó rí bẹ́ẹ̀, kò sí ìdí tí ọmọ Áfíríkà kò fi ní máa lò ó gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti ilẹ̀ onílù wá: kí ọwọ́ òsì di ìlù kan mú, kó máa tún un lù láìyẹsẹ̀, kí ọwọ́ ọ̀tún máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ bí ìyáàlù. Ní 1963 ó kọ Igi Nlá So, ó sì kó píánò àti ìlù Yorùbá mẹ́rin sójú kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ orin rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má wá ibi tí ohùn ti ń rọ̀ bí òróró. Ọwọ́ òsì ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹni tó bá ti jókòó sẹ́bàá àwọn onílù rí níbi òde, kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ ibi tí ó wà.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ kọ́nsáàtì. Àwo dára, ṣùgbọ́n kí ènìyàn wà níbẹ̀ lójúkorojú, ó lọ́tọ̀. Ní Èkó, àwọn olólùfẹ́ orin yìí dá ẹgbẹ́ MUSON sílẹ̀ ní 1983; olóògbé Akíntọ́lá Williams, àgbà oníṣírò owó, wà lára wọn. Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀, wọ́n kọ́ gbọ̀ngán sí Oníkàn. Ní Ìbàdàn, ibi tó súnmọ́ Agbowó jù ni Chapel of the Resurrection nínú ọgbà Yunifásítì, níbi tí àwọn ènìyàn ti máa ń pé jọ fún ìsìn ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án àti orin ní àkókò Kérésìmesì. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wa káàkiri ìlú náà kò gbẹ́yìn: bí ẹgbẹ́ akọrin bá ń ṣe àjọ̀dún, ẹ ó bá Messiah ti Handel níbẹ̀, tàbí apá kan rẹ̀ ó kéré tán.

Messiah yìí, ìtàn rẹ̀ yẹ fún etí àwọn ará ìlú wa. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ni Handel fi kọ ọ́ ní 1741. Ní Dublin, ní ilẹ̀ Áílándì, ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1742. Àyè kéré, èrò pọ̀. Wọ́n bẹ àwọn obìnrin kí wọ́n má wọ yẹ̀rì tó máa ń fẹ̀ bí agboòrùn wá, wọ́n bẹ àwọn ọkùnrin kí wọ́n fi idà sílé, kí èrò lè gbà. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún méje ènìyàn ló rọ́ wọ ibẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, bí ẹ bá ń lọ sí kọ́nsáàtì, ẹ rántí ẹni tó jókòó sẹ́yìn gèlè yín. Owó tí wọ́n rí níbẹ̀, wọ́n fi ṣe ìtọ́jú aláìsàn, wọ́n sì fi san gbèsè àwọn tó wà lẹ́wọ̀n nítorí owó tí wọ́n jẹ. Ènìyàn 142 ló jáde lẹ́wọ̀n. Ní ti dídìde tí a máa ń dìde dúró bí wọ́n bá dé Alelúyà, tí wọ́n ní Ọba George kejì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn onímọ̀ kò rí ẹ̀rí ọjọ́ náà gan-an tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó bá wù, kó dìde. Ẹni tó bá jókòó, ẹ má bá a jà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ó ṣe yẹ ká máa fi orin han ara wa, torí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ á mú símfónì oníwákàtí kan, á fi í sí iwájú ẹni tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, á sì máa wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń gbádùn. Kò sí ẹni tó lè gbádùn bẹ́ẹ̀. Ẹ fi kékeré bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ ọ tán lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ tún un gbọ́, ìgbà yìí ni kí ẹ wá tọ́ka: "Fetí sí sẹ́lò níbí. Gbọ́ bí àwọn yòókù ṣe dákẹ́ fún un." Bí iná kò bá sí, spíkà kékeré oníbátìrì tó; ẹ má kàn gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ gbé e sórí àga tàbí tábìlì kí ohùn lè dé etí.

Ẹ má sì fi "ó dùn gan-an" ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Kí ló dùn? Ṣé ohùn obìnrin tó dá kọ ọ́ ni, àbí ibi tí gbogbo wọn ti dákẹ́ lójijì? Ṣé ó yá ju bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lọ? Ẹni tó bá lè sọ èyí ní èdè ara rẹ̀, ó ti gbọ́ orin náà. Kò pọn dandan kó mọ orúkọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pe nǹkan.

Orúkọ wo ló wá pọn dandan? Orúkọ ẹni tó kọ ọ́, orúkọ iṣẹ́ náà, orúkọ àwọn tó ṣe é, àti ọdún. Ẹ lè ní kí ni ìdí. Ní Dublin, akọrin tó kọ Messiah lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n lọ. Ní 1784, lẹ́yìn ikú Handel, wọ́n ṣe ìrántí rẹ̀ ní Westminster Abbey, àwọn tó kọrin àti àwọn tó lu ohun èlò sì lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ìwé orin kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ àti ẹni tó gbọ́ ti ìkejì kò gbọ́ ohun kan náà rárá. Bẹ́ẹ̀ ni àwo rí. Bí ẹ bá sọ fún mi pé Messiah kan dùn, n kò tíì mọ èyí tí ẹ ń wí.

Ibí yìí ni fóònù ti ń bà wá jẹ́ díẹ̀. Ẹnì kan ní Bódìjà á gba orin ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ sílẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan ní Agbowó lórí WhatsApp, ìyẹn á fi ránṣẹ́ sí Challenge, orin á dé London. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń lọ, orúkọ rẹ̀ á di AUD pẹ̀lú nọ́ńbà gbọọrọ. Bí ó bá fi máa pé ọdún mẹ́ta, kò sí ẹni tó mọ ta ló kọ ọ́ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì wo. Ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn bẹ́ẹ̀ ti di aláìlórúkọ. Ohun tó lè gbà wá kò le: kí ẹni tó ń gba orin sílẹ̀ kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọjọ́, ibi, orin àti orúkọ àwọn olórin kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kò ní pé.

Ẹ tún rántí pé olórin ń jẹun. Ti Handel ti di ti gbogbo ayé, ẹ máa lò ó bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin ilẹ̀ wa, ẹ̀tọ́ lórí orin tí ènìyàn kọ wà fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ti Bánkọ́lé ṣì wà nínú ẹ̀tọ́ títí di 2046. Ẹ fi í han ọ̀rẹ́ yín, kí ẹ sì ra èyí tó wà fún títà.

Ó sì ti wà fún títà báyìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Rebeca Omordia, píánísìtì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ròmáníà, bẹ̀rẹ̀ ètò kọ́nsáàtì orin Áfíríkà ní London ní 2019. Ní 2022 ó gbé àwo kan jáde tí ó pè ní African Pianism. Egun Variations ti Bánkọ́lé wà nínú rẹ̀, orin Yorùbá mẹ́ta tí Euba kọ fún píánò láìsí ohùn akọrin náà wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ẹgbẹ́ Chineke!, tí Chi-chi Nwanoku dá sílẹ̀ ní 2015, gbé African Suite ti Ṣówándé lọ sí Royal Albert Hall, níbi àjọ̀dún Proms ti BBC. Inú mi dùn púpọ̀ sí i. Ó tún dùn mí pé ó ní láti jẹ́ London lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn tó lè lu orin yìí wà níbí. Àwọn ọmọ tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin wà ní àwọn yunifásítì wa, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ta fáólìn láti kékeré wà. Ohun tó kù ni àwọn tó máa sọ pé, "A fẹ́ gbọ́ ti Ṣówándé lọ́dún yìí," tí wọ́n á sì sọ ọ́ létí ọ̀gá akọrin títí yóò fi dá wọn lóhùn.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbọ́ mi, ọ̀dọ̀ yín ni mo fẹ́ fi ẹ̀bẹ̀ mi sí. Mo mọ̀ pé nínú àpótí yín, lábẹ́ ìwé ìsìnkú àti fọ́tò ìgbéyàwó, ìwé ètò kọ́nsáàtì àtijọ́ wà níbẹ̀, èyí tí ẹ gbà ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngán ní ọdún gbọọrọ sẹ́yìn. Káṣẹ́ẹ̀tì àjọ̀dún ẹgbẹ́ akọrin wà níbẹ̀ tí ooru ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí téèpù inú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó o dà nù. Ẹ pe ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ yín kan tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, kó gbé káṣẹ́ẹ̀tì náà sínú ẹ̀rọ nígbà tó ṣì lè dún. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ dárúkọ àwọn tó ń kọrin níbẹ̀ fún un: ta ni sòpúránò yìí, ta ló tẹ dùùrù, ṣọ́ọ̀ṣì wo, ọdún wo. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú gègé. Bí ẹ kò bá ní ẹni tí ẹ máa fi lé lọ́wọ́, ẹ bi àwọn ará ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì, tàbí akọ̀wé ìjọ yín, bóyá wọ́n lè bá yín tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tiyín kéré. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ wá African Suite ti Fẹlá Ṣówándé lórí fóònù yín. Apá karùn-ún ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, Akinla. Ẹ pe ẹnì kan tí kò gbọ́ ọ rí kó wá bá yín gbọ́ ọ, kí ẹ sì sọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ fún un.